Àmì-ẹ̀yẹ láàrin ológun àti iléeṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ ogun: ta ló ń yin ta, kí ló sì dé?

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ ààbò yóò pàdé ọ̀rọ̀ kan tó máa ń da ojú ènìyàn rú. Lójú ewé kan, wọ́n á ní iléeṣẹ́ ológun fún iléeṣẹ́ kan ní "award" tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Lójú ewé kejì, "award" náà ni wọ́n tún fún iléeṣẹ́ mìíràn, àmọ́ àwòrán ọ̀gágun kan àti ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n jọ di gíláàsì pẹlẹbẹ kan mú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Èdè tiwa ti yanjú èyí kó tó di wàhálà. Ti àkọ́kọ́, a ó ní wọ́n gbé iṣẹ́ àgbàṣe fún un: owó ń bọ̀, iṣẹ́ ń dúró dè é, bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, ilé ẹjọ́ wà. Ti kejì, a ó ní wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Ìwé ni, àsíá ni, báàjì ni, tàbí gíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Kò sí iṣẹ́ tuntun nínú rẹ̀, kò sì sí owó ọjà kankan tó so mọ́ ọn. Ti kejì yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí òun gan-an ni kì í yé àwọn ènìyàn.

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé, ṣé wọn ò ti sanwó fún wọn ni? Ẹni tó ta ọta ìbọn ti gba owó ọta ìbọn. Ẹni tó kan ọkọ̀ ogun ti gba owó ọkọ̀, èrè rẹ̀ sì wà nínú owó náà. Kí ni ìyìn tún ń wá lórí ọjà tí a ti ná, tí a ti rà, tí a sì ti san?

Èsì tèmi ni pé ìwé àdéhùn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè sọ iye ọta, ó lè dá ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó o dé, ó lè sọ ìyà tó wà fún ẹni tó bá pẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè fipá mú ẹnjiníà kan kó gbé fóònù láàrin òru kó sì sọ fún àwọn ológun pé, "Ohun tí a kó fún yín lóṣù tó kọjá ní àléébù kan o, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án." Kò lè fipá mú iléeṣẹ́ ńlá kó kọ́ iléeṣẹ́ kékeré ní iṣẹ́ tó lè sọ kékeré náà di ẹni tí yóò bá a du ọjà lọ́la. Kò sì lè mú inú ọ̀gá dùn lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó já fáfá jù lọ bá wá sọ pé ìjọba ti pe òun, òun ń lọ sójú ogun fún oṣù mẹ́sàn-án. Irú nǹkan báwọ̀nyí, tí owó kò lè rà tán, ni púpọ̀ nínú àmì-ẹ̀yẹ wọ̀nyí ń wá kiri. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i pé ìbọn fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń yìn. Ohun tó wà láàrin olùrà àti olùtà ni.

Èyí tó lókìkí jù nínú ìtàn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní iléeṣẹ́, orí omi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1906, nígbà tí Theodore Roosevelt jẹ́ ààrẹ, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà dá àmì "E" sílẹ̀ fún ọkọ̀ ogun tí àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ bá mọ àgbá yìn ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tó yá, wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe irinṣẹ́. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ náà ní tiwọn, lẹ́tà "A" ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná, iléeṣẹ́ kan náà lè máa ṣe nǹkan fún ti ilẹ̀ àti ti omi pọ̀, kò sì bójú mu kí apá méjì ìjọba kan máa du ẹni tí yóò kọ́kọ́ yìn ín. Ní oṣù Keje 1942, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, àmì-ẹ̀yẹ "E" ti àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ àti ti omi.

Àsíá ni wọ́n fi ń fún iléeṣẹ́. Apá kan rẹ̀ pupa, apá kejì búlúù, lẹ́tà E wà láàrin, ìdí rẹ̀ sì là sí méjì bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Iléeṣẹ́ yóò ta á sókè níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá yóò ti rí i. Tí wọ́n bá ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́fà sí i, wọ́n á fi ìràwọ̀ kan kún un. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni báàjì kékeré tó máa ń bá àsíá náà rìn: gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń gba tirẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó jókòó sórí àga ọ̀gá.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fúnni. Iye ohun tí iléeṣẹ́ ṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́, bó ṣe dára tó sì wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún ń béèrè bóyá iṣẹ́ dúró rí, bóyá wọ́n ń tọ́jú òṣìṣẹ́ bó ṣe yẹ, bóyá wọ́n ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́, iye ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà, àti bóyá wọ́n ń pín iṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké. Nígbà tí ogun parí, iléeṣẹ́ 4,283 ló ti gbà á, ìyẹn bí ìdá 5 nínú 100 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ogun nígbà náà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín kiri.

Kí n má parọ́, ìpolongo wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba kò fẹ́ ìyanṣẹ́lódì nígbà ogun. Wọ́n fẹ́ kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sídìí ẹ̀rọ, tó ń fi gbogbo òru kan ìṣó mọ́ ìyẹ́ bàálù, gbà pé òun náà wà lójú ogun. Báàjì kékeré kan lè ṣe iṣẹ́ yẹn lówó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, ìpolongo kò sọ ohun tí wọ́n ń yìn di irọ́.

Lẹ́yìn ogun, àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo yẹn kò sí mọ́, oríṣiríṣi ló sì rọ́pò rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dojú kọ apá kan nínú ìbáṣepọ̀ náà.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ àṣírí. Iléeṣẹ́ aládàáni tó lé ní 10,000 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún láṣẹ láti máa ṣiṣẹ́ lórí àṣírí ètò ààbò. Bàálù tuntun, rédíò tuntun, kóòdù kọ̀ǹpútà: ọ̀dọ̀ wọn ni àṣírí náà ń sùn, kò sí ní bárékè. Láti 1966 ni àmì-ẹ̀yẹ James S. Cogswell ti wà fún àwọn tó bá ń pa á mọ́ dáadáa jù. Ọ̀gágun òfurufú tó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ń mójú tó àṣírí lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ. Iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti gba máàkì tó ga jù lọ nínú àyẹ̀wò léraléra kí orúkọ rẹ̀ tó lè wọlé, iye tó sì ń rí i gbà kì í tó ìdá kan nínú 100. Àmì-ẹ̀yẹ àrà ọ̀tọ̀ ni lójú mi, nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń yìn wọ́n. Kò sí ìwé tó jáde, kò sí olè tó wọlé, kò sì sẹ́ni tó lè dìde lórí pèpéle láti sọ ohun náà gan-an tí wọ́n ń ṣọ́.

Ti ọ̀gá àti ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tún wà. Ní 1990, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí iléeṣẹ́ ńlá tó ti mọ bí a ṣe ń bá Pentagon, ìyẹn iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, ṣòwò yóò fi mú iléeṣẹ́ kékeré kan mọ́ra, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò owó tí ìjọba lè tẹ́wọ́ gbà, bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò kó tó jáde, bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn olè. Ìjọba lè dá owó tí ọ̀gá ná padà fún un, tàbí kó kà á kún iye iṣẹ́ tó yẹ kó pín fún àwọn kéékèèké. Àwọn méjì-méjì tó bá ṣe èyí dáadáa jù ni wọ́n ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ Nunn-Perry, tí wọ́n fi orúkọ sẹ́nétọ̀ Sam Nunn àti William Perry, tó jẹ́ olórí ètò ààbò nígbà kan, sọ. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀gá nìkan kò lè gbà á. Ohun tí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ dà ni ẹ̀rí tí ọ̀gá ní.

Èyí tó ń rú àwọn ènìyàn lójú jù lọ ni ti agbanisíṣẹ́. Ìjọba á fún ilé ìwòsàn kan, tàbí báńkì, tàbí iléeṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ, ní àmì-ẹ̀yẹ ológun. Àwọn ènìyàn á máa béèrè pé, ìgbà wo ni báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn?

Kò ṣe ìbọn o. Ológun ló gbà síṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, yàtọ̀ sí àwọn ṣọ́jà tó fi bárékè ṣe ilé, àwọn ọmọ ogun àfipamọ́ wà: nọ́ọ̀sì ni wọ́n, akọ̀wé ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n, tí wọ́n ń lo àwọn ọjọ́ kan lọ́dún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun, tí ìjọba sì lè pè nígbàkigbà. Ogun kò lè ṣe láìsí wọn. Bí ọ̀gá wọn ní ibi iṣẹ́ bá sì ń fojú burúkú wò wọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè àyè, wọ́n á fi ológun sílẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ yìí, tí kò wọ aṣọ ogun rí, ló di kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà mú níhìn-ín.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpele mẹ́ta ni ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2014 ní: idẹ, fàdákà àti wúrà. Ẹni tó gba idẹ ti ṣèlérí pé òun yóò ti àwọn ológun lẹ́yìn. Ẹni tó gba fàdákà ti ń mú ìlérí ṣẹ, ó kéré tán ó ń fún òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ogun àfipamọ́ ní ọjọ́ márùn-ún àfikún lọ́dún láti lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, yálà ó sanwó ọjọ́ náà tàbí kò san án. Fún wúrà, ọjọ́ náà di mẹ́wàá pẹ̀lú owó oṣù pípé, agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ máa fa àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn wá. Wúrà kì í ṣe títí ayé: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lábẹ́ lẹ́tà iléeṣẹ́ kan, ọdún tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin kan tó ti wà láti 1994 ti pàṣẹ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ padà fún ẹni tó bá lọ sójú ogun tó sì padà dé. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn kò tíì ṣe nǹkan kan tó yẹ kí a yìn, òfin ló tẹ̀ lé. Àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù fún àwọn agbanisíṣẹ́, èyí tí William Perry yẹn kan náà dá sílẹ̀ ní 1996, wà fún ẹni tó bá kọjá òfin: ẹni tó ń san ìyàtọ̀ owó oṣù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wà lójú ogun, ẹni tó ń lọ tún ilé òṣìṣẹ́ náà ṣe nígbà tí kò sí nílé. Ọmọ ogun fúnra rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ ló máa ń fi orúkọ ọ̀gá sílẹ̀. Àwọn tó ń gbà á kì í ju 15 lọ lọ́dún ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ìpele kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀gá tààrà tó ń buwọ́ lu ìwé àyè. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló wúlò jù, nítorí òun ni ọmọ ogun ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe alága iléeṣẹ́.

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ kan sì wà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ pọ̀ ni wọ́n ń fún, ológun àti aládàáni papọ̀. Ife ẹ̀yẹ Collier, tó ti wà láti 1911, kì í ṣe ti ológun, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà ló ń fúnni. Ní 1992, iṣẹ́ GPS, èyí tó ń fi ọ̀nà hàn yín lórí fóònù, ló gbà á. Àwọn tí wọ́n pè jáde ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ilé ìwádìí ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, àti àwọn iléeṣẹ́ bíi Aerospace Corporation, Rockwell àti IBM. Ta ló ṣe GPS nínú wọn? Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi pe gbogbo wọn. Ti 2018 náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ tó ń gba ìdarí bàálù jagunjagun lọ́wọ́ awakọ̀ tó ti dákú, tó sì ń fà á sókè kó má baà forí sọ ilẹ̀. Ilé ìwádìí ológun, Lockheed Martin tó ń kan bàálù ogun, àti NASA, àjọ òfurufú ìjọba Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó jọ ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi wà lẹ́nu rẹ̀.

Pentagon ní tirẹ̀ fún àwọn tó ń ra ọjà ogun dáadáa, wọ́n sì fi orúkọ David Packard pè é. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn méjì tó dá iléeṣẹ́ ẹ̀rọ Hewlett-Packard sílẹ̀, ó di igbákejì olórí ètò ààbò ní 1969, ó padà sídìí òwò rẹ̀, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1980, tí ìwé ìròyìn ń pariwo òòlù kan tí wọ́n rà ní 435 dọ́là, òun ni wọ́n tún pè láti ṣe alága ìgbìmọ̀ tó tú ọ̀rọ̀ náà wò. Perry náà ti dá iléeṣẹ́ ẹ̀rọ kan sílẹ̀ kó tó wọ Pentagon. Àwọn méjì yìí, tí wọ́n fi orúkọ wọn sọ àmì-ẹ̀yẹ, ti gba ẹnu ọ̀nà méjèèjì kọjá, ti ìjọba àti ti òwò. Èyí kò sọ pé wọ́n hùwà àìdáa, àmọ́ ó sọ bí ilé méjèèjì ṣe fara kan ara wọn tó.

Ìfarakanra yìí kì í fi gbogbo ènìyàn lọ́kàn balẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1961, Dwight Eisenhower, tó ti jẹ́ ọ̀gágun àgbà kó tó di ààrẹ, fi ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ṣọ́ àjọṣe ológun àti àwọn tó ń ṣe ohun ìjà, kó má baà di agbára tí kò sẹ́ni tó fún wọn. Ìkìlọ̀ náà kò tíì di ti àtijọ́. Leonard Glenn Francis, tó ń pèsè epo, oúnjẹ àti omi fún ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní àwọn èbúté Éṣíà, fi òtẹ́ẹ̀lì, àsè, obìnrin àti owó fa ojú àwọn ọ̀gágun mọ́ra, àwọn náà sì ń darí ọkọ̀ sí èbúté tó ti lè fi owó gọbọi lé owó ọjà. Wọ́n mú un ní 2013, ó sì gbà ní 2015 pé òun jẹ̀bi.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ níbẹ̀ ni ìhà tí ẹ̀bùn ń gbà. Òfin Amẹ́ríkà gba òṣìṣẹ́ ìjọba, ológun pẹ̀lú, láyè láti gba ẹ̀bùn tí kò ju 20 dọ́là lọ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì gbọ́dọ̀ ju 50 dọ́là lọ lọ́dún láti ọwọ́ ẹnì kan. Àyè wà fún àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìlú tó tọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà lè mú owó wọlé fún. Ní kúkúrú, iléeṣẹ́ tó ń ta táńkì kò lè dìde kó sọ ọ̀gágun tó ń ra táńkì di akọni ọdún, kó sì fi sọ̀wédowó tì í. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí i pé àmì-ẹ̀yẹ sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ ológun bọ̀ wá bá iléeṣẹ́, tàbí kó ti ọwọ́ ẹnì kẹta wá, bíi ti Collier.

Ẹnì kẹta yìí náà kò rí bákan náà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ohun ìjà máa ń ṣe àsè alẹ́ níbi tí àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń san owó tábìlì, tí wọ́n tún ń ṣe onígbọ̀wọ́ ètò náà, tí wọ́n sì ń gba ife lọ sílé. N kò ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀, ẹ wá orúkọ ẹni tó san owó àsè, kí ẹ tún wò ó bóyá wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi yan ẹni tó gbà á. Àwọn tó ń fi ìlànà wọn pamọ́ sábẹ́ àga kò ní ohun púpọ̀ láti fi yangàn.

Ìbéèrè tó kù, tí mo sì mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín: ṣé ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ ni yóò rí iṣẹ́ tó kàn gbà? Ó lè gbé orúkọ iléeṣẹ́ ga, àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbàṣe ńlá gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé máàkì sílẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, ìpele márùn-ún ló wà, láti èyí tó tayọ títí dé èyí tí kò tẹ́ni lọ́rùn rárá. Ìwé yẹn ni àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ tuntun síta máa ń ṣí wò. Gíláàsì wà lára ògiri níbi tí àlejò ti ń wọlé. Ìwé máàkì wà nínú kọ̀ǹpútà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó kàn àti iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ nìkan ló sì ń rí i.